Ìbéèrè Òǹkàwé: Bí Omi Bá Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Ti Tó Mu?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Ìjùmú. Àwọn ọmọ SS2 mi fi kóró mòríńgà lílọ̀ po omi kànga kan tó máa ń pọ́n bí òjò bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sì rọlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí a fi han àwọn òbí níbi ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bàbá tó ni kànga náà fi ìbínú dìde, ó ní a ti sọ kànga òun di ẹlẹ́gbin lójú ìlú. Mo sì ń gbọ́ pé àwọn ìyá kan ti ń fún ọmọ wọn ní omi mòríńgà yìí mu láìsè é. Báwo ni kí a ṣe tún un ṣe? — Olùkọ́ kan, Ìjùmú.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ọ̀kun o. Ti àwọn ìyá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí inú bàbá lè rọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n òní ni ọmọ ń mu omi. Purotéènì kan wà nínú kóró mòríńgà tó máa ń fa ẹ̀rún amọ̀ mọ́ra títí yóò fi ṣù pọ̀, tí yóò sì rì. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí máa ń bá a rì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, ohun tó sì ṣẹ́ kù lára kóró náà nínú omi yóò di oúnjẹ fún àwọn tó yè, èyí tí kò fi yẹ kí irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá ọjọ́ kan nínú àmù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣí ìgò tí wọ́n pò lónìí àti èyí tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níwájú àwọn ìyá. Imú wọn yóò dá ẹjọ́ náà ju àlàyé wa lọ.

Ìdajì ọ̀nà ni iṣẹ́ yín dé; ó ku kí a pa àwọn kòkòrò tó yè. Omi tó ti tòrò náà ni kí wọ́n rọ sínú ike omi tó mọ́ gaara, tí a lè rí inú rẹ̀ láti ìta, tí kò ju líta 2 lọ, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí páànù fún wákàtí 6 nínú oòrùn gangan, tàbí ọjọ́ 2 gbáko bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run. Ní àsìkò tí òjò kò dá rárá, kí wọ́n sè é kó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ̀yin náà kò sì sọ fún mi bóyá ẹ gbé ìgò kan tí kò ní mòríńgà sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní; láìsí ìgò ẹlẹ́rìí yìí, ta ni yóò mọ̀ bóyá kóró ló ṣiṣẹ́ tàbí pé ẹrẹ̀ náà kàn fúnra rẹ̀ rọlẹ̀?

Ní ti bàbá, ẹ jọ̀wọ́, òun ló jàre. Omi rẹ̀ ni ẹ gbé síta láìtọrọ àyè, ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìpàdé mọ ibi tí ẹ ti fà á. Kànga márùn-ún tàbí mẹ́fà ló yẹ kí ẹ lò, kí ẹ pè wọ́n ní A, B, D, kí olúkúlùkù onílé sì gbọ́ èsì tirẹ̀ nínú ilé rẹ̀ kí ìlú tó gbọ́. (Èdè ilé ni kí wọ́n fi gbọ́ ọ o. Mo ti rí pátákó iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kún fún Gẹ̀ẹ́sì dénú dénú, nígbà tí àwọn tó ń pọn omi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwò ó.) Ohun tí bàbá yìí mọ̀ kò sí nínú ìwé yín: oṣù tí omi máa ń pọ́n, ìhà tí àgbàrá ń gbà wọlé, ọdún tí wọ́n wa ṣáláńgá tó wà lókè rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá fi okùn wọn ilẹ̀ tó wà láàárín ṣáláńgá àti kànga, tí kò sì tó mítà 30 tó yẹ kó wà láàárín wọn kí ẹ̀gbin má baà dé inú omi, wọ́n ti rí iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ẹ bá ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí i kí ìpàdé mìíràn tó pé, kí ẹ sì má gbé ìgò kankan dání.