A ti dá owó jọ fún ìlú tí wọ́n kọlù: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní London. Lóṣù tó kọjá, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan nílé, wọ́n pa èèyàn. A ti dá owó jọ. Ẹnì kan nínú wa ní ká wo bí àwọn Júù tó wà káàkiri ayé ṣe máa ń ṣe é bí irú èyí bá dé bá wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an, mà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run á tu àwọn tó kù nínú.

Ìmọ̀ràn gidi lẹni yẹn gbà yín. Ẹ jẹ́ ká mú ti Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé ìjọsìn Tree of Life ní àdúgbò Squirrel Hill. Ìjọ mẹ́ta ló ń pín ilé náà lò. Ó pa èèyàn 11. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ẹni ọdún 54, àgbà wọn jẹ́ ẹni ọdún 97.

Òkú ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Àwọn Júù ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní chevra kadisha: ará ìjọ lásán ni wọ́n, àwọn ló ń wẹ òkú tí wọ́n sì ń wọ aṣọ funfun fún un, láìgba kọ́bọ̀. Òfin ẹ̀sìn wọn ni pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n pa gbọ́dọ̀ bá a wọlẹ̀. Nítorí náà, wọ́n wọ inú ilé yẹn lọ, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn nu ẹ̀jẹ̀ ojúlùmọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ òkú, torí wọn kì í dá òkú fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi sin ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ méje ni ìdílé fi ń jókòó sílé, tí aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá. Akọ̀wé, àwa náà ní irú àṣà yìí. Náírà tí ẹ máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sin òkú wọn bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì fi jẹun.

Owó ńlá wá ń bọ̀. Àjọ Júù ìlú náà, Jewish Federation, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.3 dọ́là. Àwọn Mùsùlùmí Amẹ́ríkà náà dá ju 200,000 dọ́là jọ fún ìsìnkú àti ìtọ́jú. Àjọ náà kò dá pín owó tó wọlé sí i lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ kan tó dá dúró ló pín in, wọ́n sì kéde bí wọ́n ṣe pín in fáyé gbọ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ sọ́dọ̀ ìdílé àwọn tó kú àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ gan-an. Wọ́n ya ìpín sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà nínú ilé tí ọta kò bà. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni tí ẹbí rẹ̀ máa gba owó sínú ìgbìmọ̀ yín. Ìjà lórí owó ọ̀fọ̀ máa ń tún ọgbẹ́ ṣí.

Ẹ má sì ná an tán lẹ́ẹ̀kan. Jewish Agency, àjọ Júù kan tó wà ní Ísírẹ́lì, ní àpò kan fún àwọn tí apániláyà ṣe lọ́ṣẹ́ níbẹ̀, owó Júù òkè òkun ló sì wà nínú àpò náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ìdílé ní owó díẹ̀ kíákíá. Tó bá yá, wọ́n á padà wá fún ìtọ́jú ara àti ọkàn.

Ní ti ọgbẹ́ ọkàn, iṣẹ́ mi nìyẹn, ọ̀rọ̀ mi á sì gùn díẹ̀. Ẹ má kó àjèjì lọ láti ní kí àwọn èèyàn máa ròyìn ohun tójú wọn rí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kì í wo ẹnikẹ́ni sàn, ó sì lè pa ẹlòmíràn lára. Oorun, oúnjẹ, ojúlùmọ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́: nǹkan wọ̀nyí ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ dìde. Israel Trauma Coalition, àjọ Ísírẹ́lì tó ń rí sí ọgbẹ́ ọkàn, rán àwọn onímọ̀ lọ sí Pittsburgh, àwọn aráalé ni wọ́n sì gbárùkù tì. Ẹ wá nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti pásítọ̀ tó ń gbé nílé, ẹ san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn. Bí oorun ẹnì kan kò bá padà lẹ́yìn oṣù kan, tàbí tí ó ń sá fún ohun gbogbo, ẹ bá wọn san owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ìlera ọpọlọ.

Ní ọdún 2019, wọ́n dá 10.27 Healing Partnership sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn àwọn Júù ní Squirrel Hill, níbi tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láti gba ìrànlọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ ní 2023, nígbà tí ẹjọ́ apànìyàn náà bẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó yè bọ́ tún ní láti sọ ohun gbogbo nílé ẹjọ́. Ilé ìjọsìn náà sì wà ní títì fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 2024 láti tún un kọ́. Torí náà, ẹ má tíì ra símẹ́ńtì.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán nílé. Ẹ ní kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín: akọrin, ọmọdé, ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó nulẹ̀ lẹ́yìn náà.