Ṣé ilẹ̀ tí wọ́n ti yọ́ bátìrì ọkọ̀ rí ti mọ́ nítorí pé pátákó ilé-iṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ ti béèrè bóyá ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ́, níwọ̀n bí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ àyíká. Pátákó kì í ṣe ẹ̀rí. Àyẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀ ni ẹ̀rí.

Òjé kì í jẹrà. Inú iyẹ̀pẹ̀ òkè, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré tí adìẹ sì ń họlẹ̀, ló máa ń wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, bí wọ́n tilẹ̀ gbin koríko tútù lé e lórí (koríko yẹn gan-an ni wọ́n sì máa ń yà sí fọ́tò). Ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí òjé pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, ńṣe ni wọ́n wa iyẹ̀pẹ̀ tó ti bàjẹ́ kúrò nínú agboolé, tí wọ́n lọ bò ó mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n mú èsì àyẹ̀wò wá: ibi mélòó ni wọ́n ti bu iyẹ̀pẹ̀, àti pé mílígíráàmù òjé mélòó ló wà nínú kílò kan? Bí wọn kò bá rí i mú jáde, ẹ kọ̀wé sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká. Ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀ kí èsì tó jáde.