Ọmọ mi ò béèrè nǹkan kan mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Látìgbà tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi ni gbèsè ti wọlé tọ̀ wá. A ò jẹ́ káwọn ọmọ gbọ́, ìgbà tí wọ́n bá sùn la máa ń jà lé e lórí. Àmọ́ àràárọ̀ ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, ń pariwo inú rírun, dókítà ò sì rí nǹkan kan. Mo wá rí ìwé kan tí wọ́n rún sísàlẹ̀ báàgì ẹ̀, owó ìrìn àjò ni ilé ìwé ń béèrè, kò mú un wá fún wa. Ṣé ó ti mọ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti mọ̀, ó sì ti pẹ́. Ìwé tó rún mọ́lẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, ọmọ ọdún 10 ti jókòó ṣírò ẹ̀ pé tóun bá mú un jáde ìjà á tún bẹ́, ó bá kúkú yọ ara ẹ̀ kúrò. Inú rírun yẹn náà kì í ṣe irọ́ o, àníyàn máa ń di ara ríro fọ́mọdé.

Lẹ́yìn tí gbèsè gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1980, àwọn olùṣèwádìí méjì, Rand Conger àti Glen Elder, wádìí àwọn ìdílé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ara òbí ni wàhálà owó ti ń kọ́kọ́ ṣọṣẹ́, ọkàn wọn á dàrú, wọ́n á máa kanra mọ́ra wọn, ìkanra yẹn á wá dé orí ọmọ. Ebi ní tiẹ̀ ò dúró de ìjà kankan kó tó ba ọmọ jẹ́, ìyẹn ò ṣeé fọ̀rọ̀ wò, torí náà oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó tó bá wà rà.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ pè é jókòó. Ẹ ní, "Owó wa ò tó báyìí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ, àwa la máa wá nǹkan ṣe sí i." Ẹ má ka iye gbèsè fún un, ẹ má sì sọ ọ́ di ẹni tẹ́ ẹ ó máa sunkún sí lára, ẹrù àgbà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá jà tó gbọ́, ẹ jẹ́ kó rí i tẹ́ ẹ parí ẹ̀. Ẹ mú ìwé yẹn lọ bá tíṣà ẹ̀, ẹ ṣàlàyé, kó má lọ jẹ́ òun nìkan ló máa ro àwáwí tó máa wí.

Kẹ́ ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ ilé yìí fún un, torí ó dà bíi pé ẹ ò sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́.