Ṣé orí fèrèsé lè sọ ọjọ́ orí ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ ìjọ wa láti London lọ wo kàtídírà Winchester nígbà ọlidé. Mo rí àtẹ kan lórí Facebook tó ní bí orí fèrèsé bá rí róbótó, Romanesque ni, wọ́n kọ́ ọ ṣáájú 1150. Bó bá ṣe ṣóńṣó, Gothic ni, 1150 sí 1500. Bí òpó bá funfun tó gún régé, Renaissance ni. Bí ọnà bá kún ojú ògiri, Baroque ni. Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa fi mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àtẹ yẹn ti ń kiri tipẹ́, ẹni tó bá sì tún gbé e jáde kàn ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà ni.

Orúkọ inú rẹ̀ dára, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra náà sì tọ̀nà. Romanesque, tí wọ́n ń pè ní Norman ní England, ló ṣáájú. Gothic jáde lágbègbè Paris ní nǹkan bí 1140, Renaissance ní Florence lẹ́yìn 1400, Baroque ní Rome ní nǹkan bí 1600. Ohun tí kò tọ̀nà ni kéèyàn fi àmì kan ṣoṣo, ìyẹn orí fèrèsé, mú ọdún. Ìrísí kì í kú. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè tún un kọ́ nígbàkigbà tó bá wù ú.

Ẹ mú róbótó. Ó wà ní kàtídírà Durham tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1093. Ó tún wà lójú ilé àwọn ọmọ òrukàn tí Brunelleschi, ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ ní Florence ní 1419, Renaissance pọ́ńbélé sì nìyẹn. Ẹ wá mú ṣóńṣó. Mọ́ṣáláṣí Ibn Tulun ní Cairo kún fún un, 879 ni wọ́n parí rẹ̀, nígbà tí Gothic ò tíì sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ní Durham kan náà, arch ṣóńṣó (arch ni òkúta tí wọ́n tò kó tẹ̀ gba orí àyè kọjá) wà nínú àjà òkúta tí wọ́n parí ní 1133, síbẹ̀ Norman la ń pe ilé náà. Òrùlé ńlá tí Brunelleschi gbé lé kàtídírà Florence láàárín 1420 sí 1436, tí gbogbo olùkọ́ fi ń ṣí ẹ̀kọ́ Renaissance, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kí ni àtẹ yín fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ìdí tí wọ́n fi ṣe orí arch ní ṣóńṣó ló yẹ káwọn ọmọ mọ̀, torí ìṣòro iṣẹ́ ọwọ́ ló bí i. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ fi òkúta ṣe àjà lórí àyè tó jẹ́ mítà 10 lọ́nà kan, mítà 6 lọ́nà kejì. Arch róbótó kò lè ga ju ìdajì ìbú ara rẹ̀ lọ. Èyí tó wà lórí mítà 10 á ga ní mítà 5, èyí tó wà lórí mítà 6 á ga ní mítà 3 péré, èyí tó gba igun dé igun, tó jẹ́ bíi mítà 11.7, á ga ní nǹkan bíi 5.8. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bára dọ́gba, àjà tó bá jókòó lé wọn á wọ́. Arch ṣóńṣó kò ní wàhálà yìí: ìlà méjì tó tẹ̀ ló pàdé lókè, agbẹ́kùúta lè gbé e ga tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí orí gbogbo wọn á fi dọ́gba. Ó tún ń dín agbára tí àjà fi ń ti ògiri síta kù. Ó dín in kù ni mo wí, kò pa á. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn òpó ìtì àti apá òkúta lẹ́yìn ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀, tó ń ti ògiri padà. Ní kàtídírà Beauvais ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n gbé àjà dé nǹkan bíi mítà 48. Ní 1284, apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀.

Ó ku àwọn tó padà kọ́ ìrísí àtijọ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà Cologne ní Jámánì ní 1248, wọ́n pa á tì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1842, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1880. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, ẹ̀yìn iná 1834 ni wọ́n kọ́ èyí tí ẹ ń rí, ní ìrísí Gothic. Kàtídírà Marina ní Èkó, tòun ti fèrèsé olórí ṣóńṣó rẹ̀, 1946 ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé náà ló mú ọnà Baroque ti Bahia wá, ìyẹn ló jẹ́ kí mọ́ṣáláṣí ńlá Porto-Novo, iṣẹ́ ọ̀rúndún ogún, fi ojú jọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó yá, Winchester. Bíṣọ́ọ̀bù Walkelin ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1079. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí apá ilé tó yà sọ́tùn-ún àti sósì, tó sọ ọ́ di àgbélébùú. Norman ṣì ni ibẹ̀, róbótó ni gbogbo arch. Ẹ ní kí wọ́n wo ìlà ẹfun tí wọ́n fi lẹ òkúta kan mọ́ èkejì. Níbi kan ìlà náà nípọn. Nítòsí ilé-ìṣọ́ àárín, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òkúta wọ ara wọn dáadáa. Ilé-ìṣọ́ yẹn wó ní 1107, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ni iṣẹ́ àwọn tó tún un kọ́. Robert Willis, ọ̀jọ̀gbọ́n Cambridge tó ń ṣèwádìí nípa ilé àtijọ́, ti tọ́ka sí i láti 1845. Arch kan náà, ìgbà méjì. Ẹfun ló sọ ọ́, fèrèsé ò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí gbọ̀ngàn gígùn. Gothic ni gbogbo ohun tí ojú rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù William of Wykeham gbé iṣẹ́ náà fún William Wynford, ọ̀gá agbẹ́kùúta, ní 1394, Wynford ò wó òpó àtijọ́. Ó gbẹ́ àwọn kan lára wọn di ìrísí tuntun, ó fi òkúta tuntun bo àwọn mìíràn, bí aṣọ bàbá tí wọ́n tún rán fún ọmọ. Inú òpó tẹ́ ẹ dúró tì, Norman ṣì ni.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí wọ́n á máa wá kiri, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibi tí ipele òkúta ti já lójijì tí ìlà kan sì gba òkè wá sílẹ̀ tààrà: ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìgbà méjì ti pàdé. Kí wọ́n wo bí ògiri ṣe nípọn tó lẹ́nu fèrèsé. Kí wọ́n wo ojú òkúta fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má tàn án síwájú, àpá irinṣẹ́ á yọ. Àpá àáké tó dagun sábà máa ń jẹ́ ti Norman. Ibi tó bá mọ́ jù tó sì rí bákan náà látòkè délẹ̀, ẹ fura sí i. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì England ni wọ́n ha lára tàbí tí wọ́n pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Iwájú kàtídírà St Albans, iṣẹ́ Lord Grimthorpe ní àwọn ọdún 1880 ni.

Kò sí ọ̀kan nínú àmì yìí tó tó dá dúró. Ẹ fi méjì tàbí mẹ́ta ti ara wọn lẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò nínú àkọsílẹ̀ Historic England, àjọ tó ń rí sí ilé àtijọ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi pé kí n sọ ọdún, mi ò ní sọ ọ́, ẹni tó bá sì sọ ọ́ fún yín láti ojú fọ́tò kan ṣoṣo ń tàn yín. Kí ọmọ kankan má ha òkúta, kí wọ́n má sì fi èékánná tọ ẹfun: ó ń rún, ẹ̀yin lẹ ó sì dáhùn fún un. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa owó ìwọlé fún àwọn tó bá pọ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá iyàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣe é wọ̀, torí omi máa ń kún ibẹ̀ nígbà òtútù.