A fẹ́ kó lọ gbé oko létí òkun ní Scotland: ṣé àwọn ọmọ á lè gbé e?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò, ẹ kú ìfaradà. Ọdún mẹ́sàn-án la ti wà ní Leeds. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní erékùṣù Uist, ilé tá a rí níbẹ̀ sì ní ilẹ̀ croft lẹ́yìn, ìyẹn oko kékeré tó ní òfin tirẹ̀ ní Scotland, ilẹ̀ náà lọ títí dé etí òkun. Inú ọkọ mi ń dùn ṣìnkìn, ó ti ń ka iye ewúrẹ́ tó fẹ́ rà. Èmi ni oorun ò kùn. Ọmọ méjì la ní, ọmọ ọdún 8 àti 5. A ò mọ ọmọ Yorùbá kankan níbẹ̀ àfi ẹ̀yin tí wọ́n júwe fún wa. Kí ni ká mọ̀ ká tó di ẹrù? Ṣé àwọn ọmọ ò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́?

Èsì

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ tán, gbólóhùn tó o fi parí rẹ̀ ni ò jẹ́ kí n lè dá ẹ lóhùn láti ọjọ́ Ajé. Jẹ́ kí n sọ èyí tó rọrùn ná.

Afẹ́fẹ́ ni kó o bẹ̀rù, kì í ṣe òtútù. Òtútù Leeds le ju tibí lọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí òkun kì í jẹ́ kí yìnyín dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mọ́tò, ọwọ́ méjèèjì lo máa fi dì í mú kó o tó sọ̀ kalẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á ká a sẹ́yìn. Okùn la fi ń de dírọ́ọ̀mù ìdọ̀tí mọ́ ògiri. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, ìjì kan gbé òkun wọ ìlú ní Uist Gúúsù, ó sì gbé ìdílé kan lọ, èèyàn márùn-ún, bàbá àgbà, tọkọtaya àti ọmọ méjì, níbi tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sá kúrò nílé. Àwọn ará ibí kì í fi ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kéde ìjì lórí rédíò, kò sẹ́ni tó ń ṣe akin. Kí ọkọ rẹ náà má ṣe é.

Lóṣù kejìlá, aago mẹ́sàn-án kọjá kí ojúmọ́ tó mọ́, kó sì tó di aago mẹ́rin ilẹ̀ ti ṣú. Fítámì D ni kó o máa fún àwọn ọmọ, maikirogíráàmù 10 lójúmọ́, yípo ọdún ni wọ́n ní kí àwa aláwọ̀ dúdú máa lò ó. Máa yẹ ara wọn wò lálaalẹ́ nítorí eégbọn. Tí ibi tó bù jẹ bá pọ́n yíká bí òrùka, má fi àgbo dán an wò, gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀lùbọ́ àti gàrí, rà wọ́n sílẹ̀ ní Leeds kó pọ̀, torí owó tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wá síbí máa ń ju owó ẹ̀lùbọ́ lọ nígbà mìíràn. Ewédú inú yìnyín ńkọ́? Gbàgbé ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kì í sọdá lọ́jọ́ ìjì, ewédú rẹ á sì ti yọ́ sínú páálí kó tó dé.

Àgùntàn kan ṣoṣo lẹ ní, ìjọba fẹ́ mọ̀ ọ́n: nọ́ńbà fún ilẹ̀, nọ́ńbà fún agbo, yẹtí fún etí rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, adìyẹ kan péré pàápàá, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Croft náà ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ gbé ibi tó jìnnà sí i ju kìlómítà 32 lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ di igbó. Ọ̀dọ̀ Crofting Commission, àjọ tó ń bójú tó irú ilẹ̀ yìí, ni ìwé rẹ̀ wà. Ẹ ká a dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Nígbà tá a gba tiwa, ọkọ mi ló kà á, èmi ò kà á tán títí dòní.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Odò Ògùn ni omi tí mo mọ̀, ibì kan náà ló sì ń ṣàn lọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Òkun ibí a máa lọ, a máa bọ̀. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló fi ń fà sẹ́yìn, á tún fi bíi mẹ́fà padà. Tó bá ti lọ, iyanrìn á tẹ́ lọ bíi pápá, wàá fẹsẹ̀ rìn dé erékùṣù kékeré kan tó wà níwájú oko wa. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣa ìṣáwùrú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣáwùrú! Àwọn oníṣòwò ń rà á ní àpò, wọ́n ń kó o lọ fún àwọn ará Sípéènì tó ń jẹ ẹ́.

Oṣù kẹrin ni. Ọmọbìnrin mi pé 9, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 6. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àgùntàn kan ń rọbí nínú ahéré, orí ọmọ ti yọ, ẹsẹ̀ iwájú kan há sẹ́yìn. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n padà kí omi tó yí. Ta ló wá kọ́ wọn bí omi ṣe ń yí? Èmi tí mo sọ ọ́, n ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé iwájú ló ti ń wá, pé ẹni tó wà níbẹ̀ á rí i. Ẹ̀yìn ló ń gbà wá. Kòtò tóóró kan wà láàárín ilé wa àti erékùṣù yẹn, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kún nígbà tí ibi tí wọ́n dúró sí ṣì gbẹ. Kì í sì í kún bákan náà. Ní wákàtí àkọ́kọ́ á máa yọ́ rìn, ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin á máa sáré. Òṣùpá tún kún lọ́sẹ̀ yẹn, tó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, omi á pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kí ni kan òṣùpá nígbà yẹn lójú tèmi?

Mo jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá, mo rí omi tó ń dán láàárín èmi àti wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo pariwo. "Àbẹ̀kẹ́ o! Ẹ padà! Omi ń bọ̀! Ẹ padà wálé o!"

Ọmọ náà gbójú sókè. Ó wò mí. Ó juwọ́ sí mi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo kó sínú omi. Ó ti dé itan mi nígbà tí mo gbọ́ ìró katakata lẹ́yìn mi. Bàbá àgbàlagbà tá a jọ pààlà oko ni, ó ti rí wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá, ó wa katakata náà kọjá, omi bo àárín táyà rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ méjèèjì wá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Ohun tó sọ ò ju pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n kọ́kọ́ pe 999, kí n ní ẹ̀ṣọ́ etí òkun ni mo fẹ́, kí n tó kó sómi. Lọ́jọ́ kejì ó mú ìwé kékeré tí wọ́n ń tẹ àkókò omi sí wá, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bi wọ́n. Ọmọbìnrin mi ní afẹ́fẹ́ ni, òun ò gbọ́. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ó gbọ́. Ó ní Mọ́mì ń gbàdúrà ni."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo ṣí omi ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa gbọ́ mi.

Òótọ́ lọ́mọ náà sọ. Aago márùn-ún ìdájí nìkan ni Yorùbá ń jáde lẹ́nu mi nínú ilé yẹn, nígbà tí mo bá ń rìn yí pálọ̀. Gèésì ni jẹun, gèésì ni wẹ̀, gèésì ni wọ bàtà. Oríkì rẹ̀ tí mo pè, ìyá mi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a wà ní Coventry, olùkọ́ kan ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sọ pé ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, pé ká fi èdè kan ṣoṣo sí i létí. Mo gbà. Èmi tí mo san owó ìtanràn ní ilé-ìwé nítorí pé mo sọ Yorùbá, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbà á lẹ́nu ọmọ mi, kò tilẹ̀ sí ẹni tó fi ẹgba dúró tì mí.

Kẹ́ ẹ sì wá rí i, Gaelic, èdè ìbílẹ̀ àwọn ará ibí, ni wọ́n fi kọ́ wọn nílé-ìwé níbí. Ọmọ mi ń sọ ọ́ bí omi. Ìyàwó bàbá yẹn sọ fún mi pé wọ́n na ìyá òun nílé-ìwé nítorí èdè náà, tó bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi, ojú rẹ̀ á kún. Inú mi dùn fún un. Ìyá tèmi wà ní Ìṣẹ́yìn, orí WhatsApp, ó ń gbọ́ "ẹ káàárọ̀ mà" ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí àgùntàn. Ó ń ka òkun ju èmi lọ. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri nínú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wà ní Peckham ní London láàárín àwa Yorùbá, mélòó nínú ọmọ wọn ló gbọ́ èdè wa? Mo gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ yẹn o. "Dúró." "Padà." "Omi." Bí ẹni ń kọ́ ajá ni mo ṣe ń pè é, àwọn ọmọ á sì máa gbó bí ajá, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta, ó tán. Ó ti pé 16 báyìí. Afẹ́fẹ́ ló ṣì ń sọ pé ó jẹ́, n ò sì bi í mọ́.

Tìẹ ṣì kéré, pàápàá ti ọlọ́dún márùn-ún. Máa fi Yorùbá bá wọn jà. Fi wẹ̀ wọ́n, fi bú wọn, fi pè wọ́n wá jẹun. Ilé-ìwé á fún wọn ní gèésì bó o fẹ́ bó o kọ̀.

Ewúrẹ́ ọkọ rẹ: ewúrẹ́ kì í fẹ́ òjò, òjò ló sì pọ̀ jù níbí. Ẹ kọ́ ilé wọn kẹ́ ẹ tó rà wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ fi àgùntàn bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń bọ̀, kọ̀wé sí mi. Ìwé àkókò omi tọdún yìí méjì wà lọ́wọ́ mi, n ó mú ọ̀kan dání wá pàdé yín létí ọkọ̀.