Ọmọ mi ti dé láti rehab, ṣé ó ti parí náà nìyẹn?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, lo oṣù mẹ́ta nílé ìtọ́jú nítorí Tramadol àti omi ikọ́ codeine. Wíìkì tó kọjá ló dé, ó ti sanra, ojú ẹ̀ ti mọ́, gbogbo àdúgbò ń bá mi yọ̀. Wọ́n fún un ní káàdì pé kó máa wá rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ṣùgbọ́n bàbá ẹ̀ ní ara ẹ̀ ti yá, owó mọ́tò láti Ìkòròdú dé Yábàá kì í ṣe kékeré, kí la tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kí ni mo lè ṣe tí ò fi ní padà sídìí ẹ̀?
Màmá kan, Agric, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, káàdì yẹn ò gbọdọ̀ sọnù o. Oṣù mẹ́ta tó lò níbẹ̀, kò sówó lọ́wọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ta nǹkan fún un. Agric tó padà sí yìí gan-an ni ìdánwò wà, níbi táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń jókòó sí lálaalẹ́, ìjọba fòfin de omi ikọ́ codeine láti 2018 lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ẹ ṣì ń rí i rà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ara ẹ̀ ti gbàgbé oògùn yẹn, iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí ò ṣe é ní nǹkan kan, tó bá lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, ó lè gba èémí ẹ̀ lójú oorun. Tẹ́ ẹ bá rí i tó sùn tí ò ṣeé jí, tó ń hanrun bákan ṣá, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ẹ má da omi lé e lórí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dùbúlẹ̀, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà.

Ní kíliníìkì, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á bi í pé ìgbà wo ni oògùn yẹn wù ú lò jù, ta ló pè é, kí ló ṣe tó fi kọjá. Bó ṣe ń wu èèyàn lò yẹn, bí ìgbì omi ni, ó ń ga, ó ń rọlẹ̀, tó bá lè lọ wẹ̀ tàbí kó pe ẹnì kan fún bí ìṣẹ́jú 30, ó sábà máa ń lọ. Wọ́n á tún wò ó bóyá oorun ni ò rí sùn àbí ìbànújẹ́ ló wà lọ́kàn ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi bi Dádì, tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wálẹ̀, ṣé a kì í lọ rí dókítà mọ́? NIDA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí oògùn olóró, ní nínú èèyàn 100 tó gbàtọ́jú, bíi 40 sí 60 ló máa ń padà lò ó nígbà kan. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má lé e jáde, ẹ má dúró de ọjọ́ inú káàdì, ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ mú un lọ.

Ọmọ kan tí mo mọ̀ ní Ìgbógbò, tóun náà ń sapá kó má bàa padà sídìí oògùn, ó ju SIM ẹ̀ àtijọ́ nù, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà lọ sílé kó má bàa kọjá níbùba àwọn tí wọ́n jọ ń lò ó, ìyá ẹ̀ ló sì ń bá a tọ́jú owó oṣù ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ o, ẹ jẹ́ kí tiyín náà ti ẹnu ẹ̀ wá.

Ní ti owó mọ́tò, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè máa fi fóònù ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀. Nọ́ńbà NDLEA, iléeṣẹ́ ìjọba wa tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà wà, 080010203040, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, ẹ bá a lọ, kí Dádì náà wọ mọ́tò.