Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Ọgbẹ́ inú tán-án-ná lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Wọ́n gé kókó kékeré kan kúrò lára tán-án-ná mi (ẹran inú ọ̀fun tó ń gbọ̀n di ohùn), dókítà sì ní n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 7. Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti ń ṣe àfarawé bí ọgbẹ́ ibẹ̀ ṣe ń jinná. Ṣé ó lè sọ ọjọ́ tí ohùn mi máa padà? (Olùkọ́ tó dákẹ́)

Ẹ kú ewu o, Olùkọ́. Kò tíì lè dá ọjọ́ fún yín. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fi bí ọgbẹ́ ṣe ń rìn hàn, àti ibi tó ti lè yà sí àpá.

Wọ́n máa ń pín tán-án-ná sí àpótí wẹ́wẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì sí i, wọ́n á sì fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lófin tirẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti kan ara, àwọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ló ń kọ́kọ́ dé, wọ́n á sì tú kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ TGF-β1 sílẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun á tọ kẹ́míkà náà wá bí èèrà ṣe ń tọ adùn, wọ́n á kó pàǹtí, wọ́n á tún tú kẹ́míkà IL-1β àti TNF-α, èyí tó ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun míì wá sí i. Ibi tó ń wú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́míkà IL-10 á máa pẹ̀tù sí i, tí fibroblast (sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ara ṣe) á sì máa hun kọ́lájìn, okùn tó ń mú ara le. Bí kọ́lájìn bá pọ̀ jù, tí hyaluronic acid (èyí tó ń mú ara rọ̀) sì dín kù, ojú ọgbẹ́ á le. Tán-án-ná ọkùnrin ń gbọ̀n ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin sì ń súnmọ́ 200, nítorí náà líle díẹ̀ báyìí, ohùn á ti há.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Pittsburgh lo irú àwòṣe (àfarawé orí kọ̀ǹpútà) yìí fún àwọn tó fi ariwo ni ohùn wọn lára. Wọ́n wọn kẹ́míkà inú ikun ọ̀fun wọn, wọ́n sì fi ìdákẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ àti ìdárayá ohùn jẹ́jẹ́ wéra. Ìyẹn kì í ṣe ọgbẹ́ ọ̀bẹ o, ẹ má torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórin. Ti abẹ gan-an, ìwádìí kan ní Japan ní 2017 fi ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ 3 wé ti ọjọ́ 7, àwọn ọlọ́jọ́ 3 ló sì ṣe dáadáa jù lẹ́yìn tí wọ́n gba ìtọ́jú ohùn. Síbẹ̀, dókítà yín ló rí bí ọgbẹ́ náà ti jìn tó. Ẹ bi í léèrè, ẹ má dá a dín kù fúnra yín. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rọ́pò, torí ó máa ń ni gògóńgò ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo ń kọ irú àwòṣe yìí fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Àpótí mi jẹ́ maikirómítà 20 (maikirómítà 1,000 ló wà nínú mílímítà 1), ìṣísẹ̀ àkókò kan nínú ìṣírò sì jẹ́ ìṣẹ́jú 30. TGF-β1 ń bọ́ sísàlẹ̀ òdo, àbájáde náà sì ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà. (Akẹ́kọ̀ọ́)

Ọ̀tọ̀ ni ìṣòro méjèèjì.

Kẹ́míkà ń tàn kálẹ̀ kíákíá ju bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń rá lọ. Bí ẹ bá ń fi iye ti ìsinsìnyí ṣírò ti ìṣísẹ̀ tó kàn tààrà, tí àwòṣe yín sì ní gígùn, ìbú àti jíjìn, ìṣísẹ̀ kẹ́míkà kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po ìbú àpótí pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a fi ìlọ́po 6 ìyára ìtànkálẹ̀ pín. Ká ní ìyára náà jẹ́ maikirómítà onígun mẹ́rin 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: 400 tí a fi 60 pín jẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá 6.7. Ẹ wá wo ìṣẹ́jú 30 yín! Ẹ fi í sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì pín in sí ìṣísẹ̀ 300 oní-ìṣẹ́jú-àáyá 6 fún kẹ́míkà. Ọ̀pọ̀ ń sọ iye tó bọ́ sísàlẹ̀ di òdo kí wọ́n lè máa lọ. Ẹ má ṣe é: kẹ́míkà tí kò sí níbì kankan lẹ fi kún un yẹn. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dá ìtújáde àti ìjẹrà dúró, ẹ ti gbogbo ẹ̀gbẹ́ pa, kí ẹ wá ṣírò àpapọ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yí.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ àpótí maikirómítà 10 o: mílímítà 1 níhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kúrò ní àpótí 125,000 di 1,000,000, ìṣísẹ̀ á tún kéré ní ìlọ́po 4. Iṣẹ́ á di ìlọ́po 32.

Ti ìyàtọ̀ àbájáde, kò burú, nítorí ṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe ìpinnu bí ẹni ju dáìsì. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí dáìsì náà fi bẹ̀rẹ̀, ẹ sáré rẹ̀ ní bí ìgbà 50, kí ẹ ya àárín àti bó ṣe fẹ̀ tó. Àmọ́ bí nọ́ńbà kan náà bá ń mú àbájáde ọ̀tọ̀ wá, àṣìṣe wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń du àpótí kan nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀.

Kí ẹ sì fi dátà ọgbẹ́ tán-án-ná eku ní ọjọ́ 1 àti 3 lẹ́yìn gígé tún òfin sẹ́ẹ̀lì ṣe, kí ẹ fi ti ọjọ́ 5 pamọ́ fún ìdánwò.

Kí ló dé tó jẹ́ eku ni dátà ń tinú rẹ̀ wá? (Òǹkàwé)

Nítorí pé gbogbo ibi tí a bá gé lára tán-án-ná ènìyàn ló lè di àpá, kò sí ẹni tó máa gbà kí wọ́n gé òun lọ́jọ́ 1, 3 àti 5. Ṣùgbọ́n ti eku kéré púpọ̀, ìpele rẹ̀ kò sì rí bíi tiwa. Bí ẹ bá rí àwòṣe tí wọ́n fi dátà eku kọ́, tó ń ka ọjọ́ fún aláìsàn, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe yí i sí ti ènìyàn.